Bí Ọkọ̀ Agunpáta Ṣe Ń Di Asáré Orí Iyanrìn

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tó kọjá bárékè àwọn ológun ní Ọ̀jọ́, tó sì kọjú sí Ìyànà-Ìbà àti Okokomaiko, kò jìnnà rárá sí ọjà Alábà, ọjà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kọjá Èkó Àkéte nítorí ohun èlò oníná, níbi tí bátìrì, wáyà, ẹ́ńjìnnì kéékèèké àti àwọn tí ń tún rédíò ṣe kì í ti í wọ́n. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú ohun tòkunbọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà pé ó ti kú, ìbéèrè kan wà tó tọ́ kí a fara balẹ̀ dáhùn: ǹjẹ́ a lè sọ ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù tí a dá fún gígun àpáta di èyí tí ń sáré lórí iyanrìn àti gegele? A lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tuntun nìkan kọ́ ni yóò ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà.

Fífi ìgbì rédíò darí ọkọ̀ láti òkèèrè kì í ṣe ohun tòní. Ọdún 1898 ni Nikola Tesla darí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níwájú èrò ní Madison Square Garden, ní New York, láìfọwọ́ kàn án; ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Tamiya ti ilẹ̀ Japan gbé Sand Scorcher jáde, ọkọ̀ kékeré tí a dìídì ṣe fún iyanrìn. Ẹ̀ka ti pọ̀ láti ìgbà náà wá, méjì ni ó sì kàn wá. Èkíní ni èyí tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní crawler, agunpáta, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó rọra máa di òkúta mú lọ sókè, nítorí ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Èkejì ni basher, tí a ń fi sáré, tí a ń fi fò lórí ebè, tí ń ṣubú tó sì tún ń dìde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ẹ́ńjìnnì agunpáta kan ń yí nígbà 12,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí àwọn jíà sì ń dín ìyípo náà kù ní ìlọ́po 40 kó tó dé ìdí táyà, ìgbà 300 péré ni táyà yóò yí. Bí àyíká táyà bá sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, kìlómítà 6.5 ni ọkọ̀ náà yóò lọ ní wákàtí, ìyẹn ìrìn ẹni tó ń yára rìn. Bí a bá wá yọ ẹ́ńjìnnì yẹn, tó jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù, tí a fi brushless oní-3,300kV, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí kò ní kábọ́ọ̀nù, rọ́pò rẹ̀, èyí tí fóltì kọ̀ọ̀kan ń mú yí nígbà 3,300 ní ìṣẹ́jú, tí a sì so ó mọ́ bátìrì lítíọ́ọ̀mù onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí í ṣe fóltì 11.1, yóò yí ju ìgbà 36,000 lọ. Síbẹ̀, bí jíà àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, eré ọkọ̀ náà kò ní í pé kìlómítà 20 ní wákàtí. Ìgbà tí a bá dín ìlọ́po jíà náà kù láti 40 sí 12 ni ìṣirò yóò tó fi kìlómítà 66 hàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ yóò gba tiwọn nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró síbí díẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́wàá, agbára ìkọlù kì í di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni í dà. Òfin yìí kan náà ló ń dojú ọkọ̀ dé ní kọ́nà: asárétete ní í kọjá ilé. Gbogbo ohun tí í ṣe ẹ̀yẹ lára agunpáta wá di àléébù. Ó ga, kí ikùn rẹ̀ má baà kan òkúta, gíga náà ni yóò sì bì í ṣubú. Táyà rẹ̀ rọ̀, kó lè di òkúta mú, rírọ̀ náà ni yóò sì mú un wú nígbà tó bá ń yí kíkankíkan.

Ẹ sì wo irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì. Nínú agunpáta, a ti dè wọ́n pọ̀, kí ọ̀kan má baà máa yí lásán nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ òde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí ìdè bá sì wà láàárín wọn, ọ̀kan yóò máa wọ́lẹ̀ tuuru, ṣáàfù yóò máa lọ́, títí yóò fi ṣẹ́. Nítorí náà ni a fi ń yọ ìdè yẹn kúrò, tí a sì ń fi differential tí a bu òróró sílíkọ́nù tó ki sínú rẹ̀ rọ́pò, kí táyà méjèèjì lè yàtọ̀ síra níwọ̀nba. TRX-4 tí ilé-iṣẹ́ Traxxas ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2017 rọrùn díẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí rìmóòtù rẹ̀ lè tú ìdè náà, ó sì ní jíà ìrìn àti jíà eré; àmọ́ jíà tó wà nídìí táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ń gbé e ga kúrò nílẹ̀, tún ń jẹ nínú eré rẹ̀.

Lójú tèmi, ẹsẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn: ṣáàfù irin dípò ti ike, ṣọ́ọ̀kì tó kúrú tí òróró inú rẹ̀ ki, táyà tó fẹ̀, bátìrì tí a sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì ṣáájú ń fowó ra ìbàjẹ́ ni. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù náà kò gba àìbìkítà: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá fóltì 4.2 nígbà tí a bá ń fún un níná, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju fóltì 3 lọ. Bí iná mànàmáná tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóru, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kó sì fi í sílẹ̀ lọ sùn, nítorí ó lè gbiná láìkìlọ̀.

Pápá iyanrìn tó ṣófo ni kí a ti dán ọkọ̀ náà wò, kì í ṣe etí títì níbi tí èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì, torí ohun tó wúwo ju kílò méjì lọ, tó ń sá eré kìlómítà 66, lè ṣẹ́ ọmọdé lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a dá a dúró, kí a fi ìka kan ẹ́ńjìnnì. Bí ìka kò bá lè gbà á mọ́ra, jíà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti tóbi jù. Kí a yọ ọ́, kí a fi èyí tí eyín rẹ̀ fi ọ̀kan tàbí méjì dín sí i, kí a tó tún un gbé jáde.