Irà Ọ̀jọ́ àti Ìbà: Ta Ni Ó Dí Ọ̀nà Omi?



Bí òjò bá ti ṣú ní Okokomaiko, oníṣọ́ọ̀bù a máa wo ojú ọ̀run, a sì máa wo ilẹ̀. Àpò ìrẹsì àti ìdì aṣọ ni yóò kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ 10, oṣù Keje, 2011, tí ó gba ẹ̀mí àti dúkìá lọ ní Èkó.

A máa ń ní àmúwá Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni pé Ọlọ́run ni ó ni òjò. Ṣùgbọ́n ta ni ó da yanrìn àti pàǹtí sínú irà? Irà tí ó wà láàárín wa àti ọ̀sà ni ilé omi. Ilẹ̀ rẹ̀ a máa fa omi mu bí kànìnkànìn, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò ògùrọ̀ a máa di ilẹ̀ mú. Níbi tí omi iyọ̀ bá dé, igi ẹ̀gbà, tí ó fi gbòǹgbò dúró bí alákàn, a máa dín agbára ìgbì kù. Bí a bá kọ́ ilé lé irà lórí, omi náà kò ní kú. Yàrá ẹlòmíràn ni yóò yà sí.

Ní ilẹ̀ Sénégal, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, àwọn ará Casamance rí i pé bí ẹ̀gbà ti ń tán ni omi iyọ̀ ń wọ oko ìrẹsì wọn. Láti 2006 ni ẹgbẹ́ Océanium, tí Haïdar El Ali ṣáájú, ti kó àwọn ará abúlé jọ, tí wọ́n sì gbin ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀gbà padà.

Kì í ṣe kí a kàn ri igi mọ́lẹ̀ o. Omi ni à á kọ́kọ́ la ọ̀nà fún: kí a kó pàǹtí kúrò, kí a wa yanrìn tí wọ́n dà, kí omi lè máa wọlé, kí ó sì máa jáde. Igi tí a bá gbìn síbi tí omi rẹ̀ kò bá a mu, kíkú ni yóò kú.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé sàdákà ni igi tí Mùsùlùmí gbìn, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ jẹ nínú rẹ̀. Àwa tí a ń fi ilẹ̀ ṣe wákàfù fún mọ́sáláṣí, kí ló dé tí a kò lè ya irà kan sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má da yanrìn sí i mọ́? (Mo mọ̀ pé mọ́sáláṣí mìíràn gan-an, orí irà ni a kọ́ ọ sí.)

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, pàǹtí ọjà di ọwọ́ yín. Ẹ̀yin lèmọ́mù, bí wọ́n bá gbé ilẹ̀ irà wá tà fún ìjọ, ẹ bèèrè ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà kí ẹ tó san owó.