Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn dídùn ni jẹ̀dí o!

Ẹ lọ dúró nídìí àtẹ alágbo kan ní gáréèjì Arámọkọ láàárọ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn ń ro yín. Kò ní bi yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, kò ní bèèrè bóyá ẹ ṣubú láìpẹ́ yìí. Jẹ̀dí ni yóò pè é lójú ẹsẹ̀. Á bu ife kan fún yín, ẹ ó gbé e mì, ó di oko. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, owó tí wọ́n sì ti ná sórí agbo á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ọ̀kadà.

Mi ò bá alágbo jà o. Ọjà rẹ̀ ló ń tà. Àmọ́ orúkọ tí a bá pe àìsàn ló ń sọ irú ìtọ́jú tí a máa wá fún un. Jẹ̀dí tí àwọn dókítà mọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí ni. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè máa yúnni, ó lè yọ síta. Kì í ṣe òun ló ń gòkè wá sí ìbàdí láti wá di èèyàn mú bí okùn. Ẹni tó tẹ̀ kọdọrọ sórí ebè láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, tó wá ní ṣúgà tí òun fi mu gààrí lánàá ló ń fa ẹ̀yìn òun, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín!

Ẹ wo iṣẹ́ tí à ń ṣe lágbègbè wa níbí. Iyán loúnjẹ, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ta ni wọ́n fi ń gún un? Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òkè yí ká, èèyàn á ru kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè, á tún fi ẹrù mìíràn sọ̀ kalẹ̀. Ní Ìjerò, àwọn ọ̀dọ́ ń fi dígà àti ṣọ́bìrì wa kùsà nínú kòtò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìkọ̀gòsì àti Ògòtún ń ru àpò, àwọn ọlọ́kadà ń fi ẹ̀yìn gba gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, télọ̀ tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀yìn tí kò bá ro lábẹ́ gbogbo èyí, ẹ jẹ́ ká bi í pé irin ni wọ́n fi rọ ọ́ ni.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Àjọ ìlera àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ń dùn lágbàáyé lọ́dún 2020, wọ́n sì fojú bù ú pé yóò di mílíọ̀nù 843 tó bá fi máa di ọdún 2050. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń sọ èèyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé, nínú èèyàn mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ń dùn, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní àrùn burúkú kan pàtó nínú eegun. Iṣan ẹran ara ló rẹ̀, tàbí oríkèé tó le, tàbí iṣẹ́ tó pọ̀jù fún un lẹ́ẹ̀kan. Irú ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gorí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Eegun 24 ló tò lé ara wọn láti ọrùn dé ìbàdí tó ṣeé yí, tó ṣeé tẹ̀: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Láàárín eegun kan sí èkejì, ohun kan wà níbẹ̀ tó dà bíi tìmùtìmù, òun ni wọ́n ń pè ní dísìkì. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn dé inú rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn dé inú ẹran ara. Bí a bá ṣe ń rìn, tí à ń tẹ̀, tí à ń nà, ló ṣe ń fún omi jáde, tó ń fa omi tuntun wọlé, bíi kànìnkànìn tí wọ́n ń fún. Ẹ ti wá rí i pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ẹ̀yìn kò ràn án lọ́wọ́. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà fúnra wọn ń ní kéèyàn lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ kan sí méjì tí ìrora bá le gan-an, ó tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rọra dìde, ẹ máa rìn káàkiri ilé, kí ẹ sì máa fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, WHO gbé ìlànà jáde lórí ìtọ́jú ẹ̀yìn tó ti ń dunni fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, láìsí iṣẹ́ abẹ. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí wọ́n la aláìsàn lóye dáadáa, kó máa ṣe eré ìmárale, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fọwọ́ ra á, kí wọ́n tún wo ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìrònú àti àìsùn máa ń pọ̀ kún ìrora. Ohun tí wọn kò fọwọ́ sí ni bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí wọ́n máa so ohun wíwúwo mọ́ èèyàn láti fà á gùn, àti àwọn oògùn olóró bíi tramadol. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ti ra bẹ́líìtì yẹn. Ẹ má bínú, owó ti lọ.

Èyí tó wù mí jù nínú ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Australia lọ́dún 2024. Wọ́n mú èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san, wọ́n ní kí àwọn kan máa rìn, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà márùn-ún lọ́sẹ̀, onífísíò sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí kò rìn, bí ọjọ́ 112 ni ìdajì wọn fi gbádùn kó tó padà dé. Láàárín àwọn tó ń rìn, ó tó ọjọ́ 208. Ìrìn lásán! Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un. Àwa tí a wà láàárín òkè níbí tilẹ̀ ti rí ibi ìdárayá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àyàfi ká máa tìtorí ibi tí kò ju iwọ̀n ìbú oko kan lọ gun ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kẹ́mísì kan máa ń di oògùn oríṣi mẹ́rin sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n á ní ẹ lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ kò mọ orúkọ ìkankan nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, diclofenac tàbí ibuprofen á wà níbẹ̀, prednisolone tàbí dexamethasone sì lè wà pẹ̀lú. Ìrora á lọ kíá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n diclofenac tí wọ́n ń lò fún oṣù dé oṣù lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ti dexamethasone tún lè sọ eegun tí à ń tìtorí rẹ̀ lò ó di ẹlẹgẹ́, kó sì gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹni tó bá tún wá bu Alábùkún lé e, tí aspirin wà nínú rẹ̀, kó mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ló lò pọ̀. Ẹ wá fi ọtí inú agbo kún un. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi tramadol ṣiṣẹ́ nínú kòtò àti lórí ọ̀kadà, ìrora tí wọn ò gbọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó sọ fún wọn pé ó tó.

Ó dáa, báwo la ṣe máa ṣiṣẹ́? A ò lè ní káwọn àgbẹ̀ má kọ ebè mọ́. Ẹ̀rúkọ́ wa ló kúrú jù; ẹ ki èyí tó gùn díẹ̀ sí ọkọ́ yín, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Tí ẹ bá kọ ebè dé ìparí poro kan, ẹ nàró, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, ẹ rọra fẹ̀yìn sẹ́yìn nígbà márùn-ún. Nídìí odó, ẹ súnmọ́ ọn dáadáa, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ẹ̀yin méjì máa gún un tó bá ṣeé ṣe. Iṣu tí ẹ fẹ́ bó, ẹ gbé e lé nǹkan tó ga. Ìgbálẹ̀ náà, ẹ fi igi gígùn sí i. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú lónìí ni ìyálé ilé tí ẹ̀yìn máa dùn lọ́la.

Ti ẹrù orí, gbígbé e rù àti sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ ló máa ń ṣe ọrùn àti ẹ̀yìn léṣe jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń dúró lójú ọ̀nà pe ẹni tó ń kọjá pé kó wá bá àwọn rù ú. Ẹ má tijú láti pè. Ẹ kó òṣùká dáadáa, ẹ pín ẹrù sí méjì, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ fa nǹkan náà mọ́ra, kí ẹ má ṣe gbé e kí ẹ tún máa yí ẹ̀yìn lọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọrùn gan tí èèyàn bá bá jí láàárọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ìrọ̀rí kan tó, ẹ má to mẹ́ta léra. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ sì ń tẹ orí ba fóònù bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, orí èèyàn wúwo tó bíi kílò márùn-ún. Bó bá ṣe ń tẹ̀ síwájú ni ìnira ń pọ̀ fún ọrùn tó gbé e. Ẹ gbé fóònù wá sókè. Ẹ tún lè fa àgbọ̀n sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí ẹni tó ń kọ oúnjẹ tí wọ́n gbé sún mọ́ ọn lẹ́nu.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Ìkọ̀gòsì ńkọ́? Tówẹ̀lì tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná nílé náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: ó ń dẹ ẹran ara, ìrora á fúyẹ́ fúngbà díẹ̀, èèyàn á lè rìn. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Fífi òrí ra ẹ̀yìn jẹ́jẹ́, kò burú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kí ọmọdé gun ẹ̀yìn bàbá àgbà, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Eegun àgbàlagbà, pàápàá ti àwọn ìyá tí wọn kò ṣe nǹkan oṣù mọ́, lè ti fẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ kékeré lè dá a.

Àwọn ẹ̀yìn dídùn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá di ohun tí ẹ kò lè dá dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò wá. Tí ojú ara àti àárín itan bá kú tipiri. Tí ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì ń di aláìlágbára. Ọsibítù ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Bákan náà ni ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ tàbí tó ní ìjàǹbá ọ̀kadà. Ẹ̀yìn dídùn tó bá ibà, òógùn òru àti rírù rìn lè jẹ́ ikọ́ ife tó wọ eegun ẹ̀yìn, ìjọba sì ń fún èèyàn ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn lóru tí kò jẹ́ kó sùn, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì wò. Nínú irú àwọn wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn díẹ̀ tó nílò iṣẹ́ abẹ lóòótọ́. Kódà dísìkì tó yọ, tí ìrora rẹ̀ ń ta dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tíì ta oko kòkó.

Iṣẹ́ físíò kì í ṣe ohun àjèjì. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni níṣẹ́ náà, Ifẹ̀ náà sì tẹ̀lé e. Ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè nàró, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó sínú mọ́tò láti Ẹ̀fọ̀n dé Adó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà lọ́jà ní Adó. Ọrùn wa ń wọ́ níbí. Onífísíò kọ̀ọ̀kan ní ọsibítù ìjọba Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ohun tó pọ̀ jù fún ìjọba láti ṣe, a ò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí wọ́n á fi ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjerò gan-an. Kí wọ́n máa kọ́ àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ní eré ìmárale ẹ̀yìn márùn-ún péré, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ìlé ìlera abúlé.

Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá rí dókítà nítorí ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ oògùn nìkan fún un, kó bèèrè kó tó dìde lórí àga pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ̀wé sí onífísíò fún mi?"