Okùn Tí Ó Wà Nínú Pọ̀nmọ́

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń gbé ní Jikpan, ní ìlú Minna, mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní pọ̀nmọ́ ni àwọn Hausa ń pè ní ganda. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ́lájìnì kan náà ni ó kún inú rẹ̀, pùròtéènì tí ó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn àti ti màlúù.

Fọ́nrán mẹ́ta ni ó lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn. Ramachandran àti Kartha, ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n dábàá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1954. Okùn yìí ni kì í jẹ́ kí awọ tètè ya. Bí fítámì C bá wọ́n lára, a dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èrìgì àwọn atukọ̀ òkun àtijọ́ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọgbẹ́ tí ó ti jiná sì ń tún là.

Iná a máa tú okùn náà, omi pọ̀nmọ́ a sì dì bí ó bá tutù. Àwọn aláwọ, ní tiwọn, ń so ó le kí ó má baà jẹrà. Níbẹ̀ ni ìjà wà. Ní 2022, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria ní àwọn yóò dábàá òfin tí yóò de jíjẹ pọ̀nmọ́, pé kò ṣara lóore, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ awọ ń wá awọ tì. Àbùkù rẹ̀ wà lóòótọ́: ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè dá pèsè kò sí nínú kọ́lájìnì, nítorí náà kò lè dípò ẹ̀wà tàbí ẹja fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n pé kò ní ohunkóhun nínú, àsọdùn ni. Ikùn a máa lọ̀ ọ́, ara a sì rí èròjà mìíràn mú níbẹ̀.