Ọkọ̀ Òfurufú tí Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ Dákẹ́ ní Santa Monica

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọjà rí mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú lójijì lójú ọ̀nà. Ọmọ ọkọ̀ yóò fi òkúta há ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwọn èrò yóò sì wá ibòji jókòó sí títí a ó fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lójú òfurufú ńkọ́? Níbo ni yóò bọ́ sí? Ìbéèrè yìí ni ó dé bá Harrison Ford, òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ní ọjọ́ 5 oṣù March 2015, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 72.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó gbéra ní pápá ọkọ̀ òfurufú Santa Monica ní California, òun nìkan nínú ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá tí ń kó èrò. Ryan ni wọ́n ń pè é, alága méjì, aláìlórùlé. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣe é, ọdún kan náà tí a bí ẹni tí ń wà á. Irú rẹ̀ ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní wíwa ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Kò tíì gòkè ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,100 lọ tí ẹ́ńjìnì fi dákẹ́. Ẹ má ṣe rò pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa já bọ́ bí òkúta. Atẹ́gùn a máa gbé e, bí ó ti ń gbé àwòdì tí ó na apá tí kò jù ú, ṣùgbọ́n kìkì bí ó bá ń sáré tó. Bí awakọ̀ bá fi ìbẹ̀rù gbé imú rẹ̀ sókè, eré náà yóò tán, yóò sì ṣubú. Yíyí padà pẹ̀lú a máa jẹ nínú gíga tí ó kù fún un. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ ṣe ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ẹ́ńjìnì bá kú ní kété tí a gbéra, iwájú ni kí a máa wò.

Ní Santa Monica, ilé ni ó wà níwájú, lẹ́yìn ilé ni òkun. Ford sọ fún àwọn tí ń darí ọkọ̀ pé òun ń padà bọ̀. Kò fi àkókò ṣòfò láti tún ẹ́ńjìnì ṣí. Ó di eré máìlì 85 ní wákàtí mú, ó sì yà sí òsì. Nígbà tí ó rí i pé òun kò lè dé pápá mọ́, ó kọrí sí gbangba ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní Penmar. Ọkọ̀ kọlu orí igi gíga kan, ó sì ṣubú ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 800 sí etí pápá. Oníṣègùn kan tí ń gbá gọ́ọ̀fù wà lára àwọn tí ó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ara pa gidigidi, egungun ìbàdí àti ti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ tí ó fara pa. Ní ojú tiwa, ẹni tí ó fi pápá ṣáájú òrùlé àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ohun tí ó yẹ.

Àwọn ìwé ìròyìn fi orúkọ òṣèré náà kún ojú ewé wọn. Ohun tí àwa ń wá ni ohun tí ó pa ẹ́ńjìnì, ó sì di oṣù August kí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó sọ ọ́. Nínú kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́, ohun kékeré kan wà tí ó ní ihò tóóró, tí ń wọn epo. Èyí ni ó tú kúrò ní ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí epo fi pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ti rí sítóòfù tí a da epo bò rí. Èéfín ni yóò rú, kò ní jó.

Nǹkan bí ọdún 17 ṣáájú ni wọ́n ti tún kabúrétọ̀ náà ṣe nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ di ọ̀tun. Láti ìgbà náà, ìwé ìtọ́jú kabúrétọ̀ kò sọ fún mẹkáníìkì kankan pé kí ó wo ohun kékeré yìí bí ó bá ṣì le. Ìyẹn ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ẹni tí ó ṣe gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ kò ní rí i.

Wọ́n tún rí i pé ìgbànú èjìká kò dúró dáadáa. Ẹ̀yìn àga, níbi tí kò sí irin agbára lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n dè é mọ́, bóòtì rẹ̀ sì fà já nígbà tí ọkọ̀ lulẹ̀. Ìgbìmọ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí èyí ti dá kún ìpalára ọkùnrin náà.

Ford sàn, ó sì tún padà sẹ́nu wíwa ọkọ̀ òfurufú. Ní ti pápá náà, àwọn ará àdúgbò ti ń ráhùn nípa rẹ̀ tipẹ́ kí ọkọ̀ yìí tó já. Ní 2017 ìlú Santa Monica àti ìjọba àpapọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ìlú lè tì í pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù December 2028.