Ibùdó dátà ń pọ̀ sí i ní Èkó àti Ògùn: kí ló kan ẹnjiníà ará Ifọ̀ níbẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀dá Ẹnjiníà wọlé tọ̀ mí wá nílé bàbá mi ní Ifọ̀. Mówé ni èmi ń gbé, àmọ́ mo máa ń lọ kí àwọn òbí mi lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sì ti mọ̀ pé tí wọ́n bá ti rí mi, kí wọ́n gbé ìwé tó bá rú wọn lójú wá. Èmi kì í lọ kóòtù o, ìwé ìròyìn ni mo ń kọ fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ìwé òfin jáde, lọ́yà ni lójú wọn.

"Lọ́yà, bá mi wo ìwé yìí kí n tó fọwọ́ sí i."

Ìwé iṣẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń bá àwọn mìíràn wá òṣìṣẹ́ fẹ́ gbà á kó máa bójú tó iná àti ẹ̀rọ amúlétutù ní ibùdó dátà kan ní Èkó. Oṣù mẹ́fà ni àdéhùn náà. Wọ́n lè tún un ṣe, wọ́n sì lè má tún un ṣe. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú tí ara ò bá yá. Owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀, owó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán ni. Bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá Ẹnjiníà ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Mo bi í pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́?"

Ó ní, "Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní sátífíkéètì mi dà? Èyí tí wọ́n ń béèrè, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi padà sí Mówé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ibùdó dátà ni ilé tí wọ́n ń kó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá sí, àwọn tó ń gbé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù, fídíò tí ẹ̀ ń wò, àti àkọsílẹ̀ báǹkì àti ti ìjọba. Kò gbọdọ̀ kú rárá. Lọ́dọ̀ wa níbí, iṣẹ́ yìí ti ń gbilẹ̀. MainOne fa wáyà gba abẹ́ òkun wọ Èkó ní 2010, ó kọ́ ibùdó dátà sí Lẹ́kí, ó tún kọ́ òmíràn sí Ṣàgámù, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ní 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne. Iye tí wọ́n kéde ni 320 mílíọ̀nù dọ́là. Rack Centre wà ní Orẹ́gùn. Ní 2024, Airtel bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tirẹ̀ sí Eko Atlantic, wọ́n ní yóò gba iná mẹ́gáwáàtì 38. MTN ṣí tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2025. Kasi Cloud náà ń kọ́ sí Lẹ́kí, mẹ́gáwáàtì 100 ni wọ́n sì ní àwọn ń lé.

Kí wá ni ti Ifọ̀ nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá gan-an.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024. Àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà lápá Ivory Coast, ni íntánẹ́ẹ̀tì bá dojú rú láti Gánà títí dé Nàìjíríà. Àwọn tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ní báǹkì ò rí i ṣe. Gbogbo wa la rí i lọ́jọ́ yẹn pé ẹni tó bá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí òkè òkun, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ìlànà àjọ NITDA sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé abẹ́lé ni kí àkọsílẹ̀ ìjọba wà. Bó bá sì wà lábẹ́lé, kò yẹ kó wà lójú kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọgbọ́n kì í kó gbogbo rẹ̀ sí Lẹ́kí létí òkun, a máa tọ́jú ẹ̀dà kejì síbi tó jìn díẹ̀ sí omi, ibi tí ilẹ̀ ò tíì wọ́n jù. Ibo nìyẹn bí kò ṣe ọ̀nà Mówé, Ìbàfò, Ṣàgámù àti Ifọ̀?

Ti iná ńkọ́? Ìtòkí tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí ni páìpù gáàsì tó ń bọ̀ láti Escravos ti pàdé èyí tó ń gbé gáàsì lọ sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi. Iléeṣẹ́ amúnáwá Ọlọ́runṣògo sì wà nítòsí Pápáálántò. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò fi gáàsì mú iná tirẹ̀ jáde, kò ní í gbójú fo agbègbè yìí.

Ní ti iṣẹ́ inú ilé náà, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ọmọ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìkan ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń pa ibùdó dátà ni iná tó lọ, jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ láti gbà, bátìrì tó ti kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, àti ooru. Ibùdó tí wọ́n bá pè ní Tier III gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdá 99.982 nínú ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀: gbogbo àsìkò tó lè fi kú láàárín ọdún kan ò ju bí wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn?

Àwọn bíi Bọ̀dá Ẹnjiníà ni. Ní 2001 tí GSM dé, kò sí iná tó ṣe é gbọ́kàn lé lábẹ́ àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rì káàkiri. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ló ń gbé dísù gun òkè, tí wọ́n ń sùn ti jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ń tún bátìrì àti rẹkitifáyà ṣe lóru. Bọ̀dá wà lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà báǹkì kan fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó sọ fún mi pé lóru ọjọ́ kan, òun jókòó níta, òun gbọ́ tí ohùn jẹnẹrétọ̀ yí padà díẹ̀. Iná orí pátákó ò sọ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ṣì ń fi àwọ̀ ewé hàn. Ó gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ kejì, ó pa ti àkọ́kọ́, ó sì bá omi nínú dísù. Ó ní ká ní òun dúró de ìgbà tí pátákó bá sọ̀rọ̀, méjèèjì ni ì bá kú, nítorí láti inú táńkì kan náà ni wọ́n ti ń mu.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni Bọ̀dá ní. Sátífíkéètì tí wọ́n ń béèrè ni aṣọ.

Ká má tan ara wa o. Èmi ò sọ pé ìwé ẹ̀rí ò wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀rọ olówó ńlá yẹ kó ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ká máa fi etí nìkan ṣiṣẹ́. Mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ibùdó dátà yóò gba gbogbo ọmọ Ifọ̀ síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, birikílà, wẹ́dà àti oníná yóò rí iṣẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ìwọ̀nba èèyàn ló ń kù síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri ayé. Iná tí ilé náà ń jẹ sì pọ̀: ní orílẹ̀-èdè Ireland lọ́dún 2023, ibùdó dátà nìkan lo ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná tí mítà kà.

Ilé tó ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, tó ń gba ilẹ̀, tí iṣẹ́ inú rẹ̀ sì kéré, ìwọ̀nba iṣẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà-oṣù mẹ́fà. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin díẹ̀, nítorí ohun tí Bọ̀dá gbé wá bá mi nìyẹn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó dára. Àmọ́ tí ẹ bá ka ìtumọ̀ "òṣìṣẹ́" lápá ìparí òfin náà, ẹ ó rí i pé ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ibùdó dátà wà lábẹ́ ààbò òfin yẹn, ẹnjiníà tó ń mú kí ibẹ̀ má kú ò sí níbẹ̀. Ìwé tó bá fọwọ́ sí ni yóò dáàbò bò ó, tàbí tí yóò so ó lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ilẹ̀ wa, ti 2010, fún kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lágbára láti wo ìwà ìrẹ́jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló fẹ́ gbé ẹni tó ń fún un lówó oṣù lọ sí kóòtù?

Ti owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀. Òfin ti 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san, ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san 8. Mo ní kí Bọ̀dá bi wọ́n léèrè pé èèyàn mélòó ni wọ́n gbà síṣẹ́. Òfin tún wà fún ọ̀rọ̀ àwọn àlejò: ní 2018, àṣẹ karùn-ún tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí sọ pé kí wọ́n má fún àjèjì ní físà iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà bá mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ báwo ni a ṣe fẹ́ fi hàn pé a mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tí ohun tí a mọ̀ ò sí nínú ìwé kankan?

Ohun mẹ́ta ni mo rí sí i.

Èkíní, ẹ̀yin ilé-iṣẹ́, ẹ gbé ìdánwò síwájú ẹ̀rọ. Ẹ mú èèyàn lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì, ẹ wo ohun tó mọ̀. Tó bá yege, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbà á, kí ẹ sì san owó sátífíkéètì tó kù fún un. Owó kékeré ni sí ohun tí wákàtí kan òkùnkùn yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Èkejì, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ẹ bá fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ tàbí kí ẹ dín owó orí rẹ̀ kù, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn iye ará agbègbè tí yóò gbà síṣẹ́ tààrà, iye ọdún tí iṣẹ́ náà yóò fi wà, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ bíi Gateway ICT Polytechnic ní Ṣáàpàdé. Kí àwọn bíi Bọ̀dá máa wá kọ́ wọn, kí wọ́n san owó fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù ò tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ tún ẹ̀rọ ṣe, irú ẹ̀rọ tó jẹ́, ohun tó ṣe é, bí ẹ ṣe wò ó sàn, kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá kúnjú ìwọ̀n, kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN. Iṣẹ́ ogún ọdún tí kò sí lákọsílẹ̀, ìtàn lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ yín.

Ifọ̀ ti rí irú èyí rí. Ọ̀nà reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, àárín ìlú wa ló gbà. Nígbà tó yá, ibí ni wọ́n ti ya ọ̀nà mìíràn sí Ìdógò. Oríta ọkọ̀ ojú irin ni wá, koko àti ẹrù ń gba iwájú ilé wa lọ sí èbúté. Ẹ bi àwọn àgbà ohun tó kù sílẹ̀ fún wa nígbà tí ọkọ̀ ò kọjá mọ́. Báyìí, dátà ló fẹ́ gba iwájú ilé wa kọjá.

Bọ̀dá Ẹnjiníà padà lọ bá wọn. Ó béèrè fún owó ìfẹ̀yìntì àti ọdún kan dípò oṣù mẹ́fà. Wọ́n gba ti owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n kọ ti ọdún kan. Ó fọwọ́ sí i, nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ò lè dúró. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde nílé báyìí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ra ìwé ńlá kan fún un, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ọjà. Mo ní, "Bọ̀dá, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kọ ọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kọ ti ọjọ́ mẹ́ta.