Bí Kọ̀ǹpútà Bá Wá Orúkọ Tí Kò Sì Rí I

Nígbà tí a ń ṣe àkójọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sílẹ̀ de àjọ̀dún yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wa kọ ètò kọ̀ǹpútà kan. Bí a bá tẹ nọ́ńbà ìwọlé ẹnìkan, yóò gbé orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí ó jáde wá fún wa. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí opó kan wá béèrè nípa ọkọ rẹ̀ olóògbé. A tẹ nọ́ńbà náà. Orúkọ ẹlòmíràn ni ó jáde. A mọ̀ọ́mọ̀ tẹ nọ́ńbà tí kò sí rárá. Ọkùnrin kan náà ni ó tún yọjú. Òun ni orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn nínú àkójọ wa.

Apá tí ń ṣe ìwákiri nínú ètò náà a máa dá ipò orúkọ padà: 0 ni ti àkọ́kọ́, 1 ni ti èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá rí orúkọ, yóò dá -1 padà. Àṣà àtijọ́ ni èyí láàrin àwọn tí ń kọ kóòdù, nítorí nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, kò sí ipò tí ń jẹ́ -1. Ṣùgbọ́n nínú Python, èdè tí a fi kọ tiwa, -1 túmọ̀ sí ẹni tí ó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni "n kò rí i" ṣe di orúkọ ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí yóò tètè rí ewu rẹ̀ bí a bá gbé e dé orí máàkì. Ọmọ tí ó gba 0 nínú ìṣirò àti ọmọ tí àìsàn kò jẹ́ kí ó jókòó ṣe ìdánwò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ètò tí ó bá ń fi 0 dáhùn nígbà tí kò rí máàkì ti parọ́ mọ́ ọmọ kejì, ipò rẹ̀ ní kíláàsì yóò sì wálẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ ìdí.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó ń kọsẹ̀ níbí. Ní 1965, Tony Hoare, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àmì tí à ń pè ní null sínú èdè ALGOL W, láti fi hàn pé kò sí ohunkóhun níbi tí a tọ́ka sí. Ó ṣe é nítorí pé ó rọrùn. Ní 2009, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe tí ó tó bílíọ̀nù dọ́là. Kò sí ohun tí ó ń fi ipá mú ẹni tí ń kọ kóòdù láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lò ó.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ṣé ohun tí a ń wá gbọdọ̀ wà ni, àbí ó lè má sí? Bí ó bá gbọdọ̀ wà, bí orúkọ kíláàsì tí àwa fúnra wa kọ sínú ètò, àìsí rẹ̀ fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́. Kí ètò kígbe, kí ó sì dúró, bí Python ti ń ṣe pẹ̀lú KeyError. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí àlejò tẹ̀, àìrí i kì í ṣe ìjàǹbá. Kí a dá èsì tí kò lè jọ orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Ọ̀nà ti Rust ni ó wù wá jù. A ó di èsì sínú ìdì tí ń jẹ́ Option, ìdì náà sì lè ṣófo. Ẹni tí kò bá sọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá ṣófo kò ní lè lo ohun inú rẹ̀.

Àwa tí a ti ń ṣí ìwé ìrìbọmi fún àwọn ènìyàn láti ọdún pípẹ́ mọ èsì kẹta pẹ̀lú: ikán ti jẹ ìwé ọdún yẹn. "Mo wá a, kò sí" yàtọ̀ sí "n kò rí ìwé náà ṣí." Ètò tí kò lè dé ibi àkójọ nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé orúkọ rẹ̀ kò sí.

A tún ètò náà kọ. Nígbà tí a tẹ nọ́ńbà olóògbé náà, ó ní kò sí nínú àkójọ. Ìgbà náà ni a lọ gbé ìwé ńlá àtijọ́ wá, a sì rí i pé ẹni tí ó da àwọn orúkọ kọ sínú kọ̀ǹpútà ti ṣí ewé méjì pọ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn mọ́kànlélógún mìíràn.