Ẹ̀rọ ìgékoríko: ohun tí 69 kò sọ

Nọ́ńbà 69 tún ti ń káàkiri orí WhatsApp. Ẹ ti rí i: àtẹ kékeré kan tó ń ka ohun tó ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, níbi tí ẹ̀rọ ìgékoríko ti fi ẹ̀yìn àwọn agbésùmọ̀mí tó wá láti òkè òkun balẹ̀ pátápátá, 69 sí 2. Kim Kardashian ló gbé àtẹ náà sójú ayé lórí Twitter ní oṣù kìíní ọdún 2017. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, Royal Statistical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò tó wà ní London, fi 69 jẹ oyè nọ́ńbà àgbáyé ti ọdún náà. Inú àwọn kan dùn sí i. Àwọn mìíràn fajú ro, wọ́n ní ẹ̀rọ ìgékoríko kì í jókòó gbìmọ̀ pé òun fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Èmi kò dá sí ìjà yẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ariwo náà, ẹni tó béèrè bí ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe ń ṣe ènìyàn léṣe kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ikú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé abẹ ló ń pa wọ́n. Abẹ a máa gé ẹsẹ̀ àti ìka lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ti àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gùn lórí, ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ikú wọn ni pé ẹ̀rọ náà dojú dé. Koríko tutù, ilẹ̀ dàgẹ̀rẹ́, táyà yọ̀, ẹ̀rọ gun orí ẹni tó ń wà á, tàbí kó gbé e lọ sínú adágún omi. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́ni wọn fi máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má gun ilẹ̀ tó bá dàgẹ̀rẹ́ ju dígírì 15 lọ. Ọ̀rọ̀ ikú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń fi iṣẹ́ gígé koríko jẹun ń bá pàdé jù lọ láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òkúta.

Kí ọ̀rọ̀ òkúta tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gé koríko, nítorí kò rí bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Lọ́dún 1830 ni Edwin Budding gba ìwé-àṣẹ ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́ ní Gloucestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iléeṣẹ́ aṣọ ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ́ irun orí aṣọ kó lè jọ̀lọ̀. Nínú ẹ̀rọ Budding, irin kan dúró sójú kan, àwọn abẹ ń yí kọjá lára rẹ̀, koríko há sáàárín wọn, ó sì gé. Irú rẹ̀ ṣì wà ní pápá gọ́ọ̀fù títí dòní. Kò nílò eré púpọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ta òkúta.

Èyí tó gba ìgboro lónìí kò ní irin kejì. Abẹ pẹlẹbẹ kan ló ń yí lábẹ́ ìdérí, kò sì sí ohunkóhun ní òdìkejì tó di koríko mú fún un. Kí ló wá ń gé e? Eré ni. Ẹni tó bá ti fi àdá ṣán koríko rí mọ̀ ọ́n: bí o bá rọra fi àdá tì í, ṣe ni koríko á tẹ̀; bí o bá yọwọ́ dáadáa tí o gbá a, á ti bọ́ sílẹ̀ kó tó ráyè tẹ̀. Abẹ ẹ̀rọ ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá mú tí kò sì sáré, koríko á kàn dọ̀bálẹ̀ fún un ni. Nítorí náà, eré tó ń fa ewu yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò kí ẹ̀rọ ṣì máa gé koríko.

Ẹ wo bí eré náà ṣe pọ̀ tó. Abẹ tó gùn ní íǹṣì 21, irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì, tí ẹ́ńjìnì bá ń yí i ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó rẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Ìlànà àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà ni pé kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 19,000 ní ìṣẹ́jú kan lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 347 ní wákàtí kan. Wọ́n tún tẹ ẹ̀yìn abẹ náà sókè díẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kó lè máa fa atẹ́gùn sókè, kí koríko tó ti sùn lè dìde dúró. Atẹ́gùn náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín koríko àti òkúta wẹ́wẹ́, ìṣó, wáyà, tàbí egungun tí ajá gbàgbé sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbé pàdé abẹ.

Òkúta tí kò wúwo ju gíráàmù 10 lọ, tó bá gba eré mítà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó gbé dání tó ti ẹrù kílò kan tó já láti òkè tó ju mítà 3 lọ. Ibi tí òkúta yẹn máa fi kan ènìyàn kò sì fẹ̀ ju èékánná lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu kéèyàn máa wo bí òkúta ṣe kéré tó kó sì ní kò lè ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà tí òkúta ń gbà jáde ni ẹnu ihò tí koríko gígé ń gbà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti abẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Rọ́bà tàbí ike tí ẹ ń rí tó rọ̀ dirodiro níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí kí koríko má ba bàtà jẹ́. Òun ni ògiri. Àmọ́ koríko tutù a máa dí ihò náà, oníṣẹ́ á sì ṣí ike ọ̀hún sókè, á fi okùn so ó, á máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá wà níwájú ihò náà ti di ohun tí òkúta lè bà: fèrèsé, mọ́tò aládùúgbò, ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ máa ń mọ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ yí etí ọgbà po, ihò á kọjú sínú ọgbà, ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀rọ á kọjú sí ilé àti títì. Kó tó fa ẹ́ńjìnì, á ti fi ẹsẹ̀ rìn ín já, á máa ṣa òkúta àti ẹ̀ka igi. Ẹni tí kò ráyè ṣe bẹ́ẹ̀, owó dígí ló máa ń san, òun nìkan náà sì ni, torí iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe, kò sí ọ̀gá kankan lókè rẹ̀.

Ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Níbẹ̀ ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Consumer Product Safety Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọjà, ṣírò pé nǹkan bí 77,000 ènìyàn ni abẹ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì ń ṣe léṣe lọ́dún. Òfin tí wọ́n gbé jáde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1982: bí ọwọ́ bá ti kúrò lára irin ìdìmú, abẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ìṣẹ́jú àáyá 3 tó pé. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ síwájú rẹ̀ láti fọwọ́ kan abẹ, àkókò yẹn á ti kọjá. Òfin náà dára, mo sì gbà pé ó ti gba ìka púpọ̀ là.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rọrùn jù tí àwọn iléeṣẹ́ fi tẹ̀lé e ni pé kí ẹ́ńjìnì pàápàá kú. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà tí oníṣẹ́ bá fẹ́ gbé àga kúrò lọ́nà, tàbí ṣí géètì, tàbí da koríko nù, á tún fa okùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Fún onílé tó ń gé ọgbà tirẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò nira. Fún ẹni tó ní ọgbà mẹ́wàá láti gé kí ilẹ̀ tó ṣú, apá á máa ro ó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń fi okùn tàbí téèpù so irin ìdìmú náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Òfin wà lára ẹ̀rọ, okùn sì ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń pín àtẹ yẹn kò mọ̀. Ẹ̀rọ onílé ni òfin ìṣẹ́jú àáyá 3 dojú kọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìkan, àti èyí tó bá fẹ̀ tó íǹṣì 30, tó wúwo tó pọ́n-ùn 200, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lágbára tó ẹṣin 8, kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì ni ẹ máa rí jù. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ni, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, tí orí rẹ̀ ń yí nísàlẹ̀. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé lónìí, ni irú rẹ̀ tó ń lo okùn ti jáde. George Ballas, ọkùnrin tó ní ilé ìkọ́ni-níjó, ló ronú rẹ̀ lọ́dún 1971 nígbà tó ń wo búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò; ó ki okùn ìpẹja bọ inú agolo, ó sì dán an wò. Okùn ike kò lè gé ẹsẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kò ní ìdérí yíká bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì, àfi àwo kékeré kan lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ fi ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n mítà 15. Mítà 15, létí títì Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀kadà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ oníṣẹ́ kọjá!

Koríko wa le, nítorí náà abẹ irin ni ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò okùn. Irin tó bá kan kùkùté a máa ta ọ̀pá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì. Irin tó bá ti sán, kò yẹ kí wélídà lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nítorí ojú ibi tó lẹ̀ ẹ́ náà ló máa ti já. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de títa orí oníṣẹ́ẹ́nì fún irú ẹ̀rọ yìí, lẹ́yìn tí ìjàǹbá kan gba ẹ̀mí ènìyàn ní Bìrìtéènì nígbà tí ẹyọ ṣẹ́ẹ́nì kan já fò.

Ojú ni mo fẹ́ kí àwọn tiwa fi ọkàn sí jù. Bí abẹ irin bá kan òkúta, èérún irin tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lè já wọ inú ẹyinjú. Kì í fìgbà gbogbo dunni. Oníṣẹ́ á bọ́jú, á ní ìdọ̀tí ni, á padà sẹ́nu iṣẹ́, títí irin náà á fi máa dógùn-ún níbẹ̀ tí á sì máa ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìbòjú aláwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ń dá ẹ̀ka igi dúró, àmọ́ irú èérún yìí lè gba ihò rẹ̀ kọjá. Jíǹgí ààbò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú lábẹ́ rẹ̀ ni àbò. Ẹni tó bá sì ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sílé ìwòsàn, kó sọ fún dókítà pé irin lòun fi ń gé nǹkan, kó má kàn sọ pé nǹkan wọ òun lójú.

Mélòó wá ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn tí nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí? Ní Amẹ́ríkà tí ìwé ti pọ̀ jù, ikú wọn ń wọ ìwé ìjọba. Ìpalára tí kò pa wọ́n ni kì í wọ̀ ọ́: ìwádìí ọdọọdún tí Bureau of Labor Statistics, àjọ ìjọba tó ń kó ìṣirò nípa iṣẹ́ jọ, ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ kò ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn, òfin ààbò ibi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìka tó gé ní ọgbà oníbàárà di ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ilé ìwòsàn.

Èrò tèmi, tí mo fi ìṣọ́ra sọ, ni pé bí wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́ yìí ń dá kún ewu náà. Iye ọgbà ni wọ́n ń san, kì í ṣe iye wákàtí. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí oníṣẹ́ fi ṣa òkúta, kò sẹ́ni tó san án fún un. Mo fura pé okùn tó so irin ìdìmú àti ike tí wọ́n ká sókè, ọ̀dọ̀ owó ni wọ́n ti wá ju ọ̀dọ̀ àìbìkítà lọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ oníbátìrì ló ń gba ọjà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni òfin California ti sọ pé ẹ̀rọ ìgékoríko tuntun tí wọ́n bá ń ṣe fún títà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tú èéfín mọ́. Èéfín lọ, ariwo dín kù, ṣùgbọ́n eré ṣóńṣó abẹ ṣì wà níbẹ̀, nítorí koríko kò yí padà. Ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn oníṣẹ́ lè má tètè gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí ẹni tó ti mọ ti pẹtiróòlù mọ́ra gbọ́dọ̀ kọ́: ti pẹtiróòlù, wáyà plọ́ọ̀gì ni wọ́n ń yọ kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Oníbátìrì kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní okùn fífà, bọ́tìnì àti irin ìdìmú ló fi ń gbéra lójú ẹsẹ̀. Bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yọ.